Ibo Ni Ká Máa Kọ Ìwé Ìlànà Ètò Kọ̀ǹpútà Wa Sí?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níwájú ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ka wa

A ó gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ wa má gùn jù, nítorí a mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ní ìpàdé tó kọjá ni a wá jẹ́. Ẹ ní kí a lọ wádìí ibi tó yẹ kí ẹgbẹ́ máa kọ ìwé ìlànà ètò kọ̀ǹpútà wa sí, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣírò owó ófátáìmù àti owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí a dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ní kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣé owó oṣù ti wá pọ̀ tó ni? A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé orí tábìlì.

Ẹ mọ bàbá wa kan tó ṣiṣẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ fún ọdún 28. A kò ní dárúkọ wọn, àwọn fúnra wọn ló ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ètò kọ̀ǹpútà wa ṣírò owó ófátáìmù tí ilé iṣẹ́ jẹ wọ́n. Ó kéré. Bàbá ti ń kọ tiwọn sínú ìwé kékeré kan láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ṣí i fún wa: ọjọ́ ìsinmi ìjọba 11 ni wọ́n ṣiṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà kà sí ọjọ́ lásán. Àdéhùn wa sì ni pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba yóò gba owó ọjọ́ méjì. A tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà títí, a kò rí ohun tó bàjẹ́. Nígbà tí a dé iwájú màníjà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Báwo lẹ ṣe ṣírò tiyín?" Àwa mẹ́rin la jókòó níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dáhùn.

Ọmọkùnrin oníṣẹ́ iná tó kọ ètò náà fún wa ti lọ sí Kánádà. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ láìdáa. Ọ̀fẹ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Àlàyé rẹ̀ wà ní ibi mẹ́ta. Ọ̀kan wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, òjò tó ń jò ti ba ìdajì rẹ̀ jẹ́. Ìkejì jẹ́ ohùn tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí akọ̀wé wa àtijọ́, àwọn olè sì ti gba fóònù akọ̀wé náà ní ibùdókọ̀. Ìkẹta wà nínú orí ọmọ náà, orí náà sì wà ní Kánádà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi wá a kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, àpótí kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà lápá ọ̀tún. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, ètò náà kò mọ̀ pé ìsinmi ni." Ó tán. Ohun tó dá wa lóró kò ju àpótí kékeré lọ. Ó ti sọ ọ́ nínú ohùn ọjọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé àtijọ́ kò gbọ́ ohùn náà rí.

Bàbá wa gba owó wọn níkẹyìn, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi dúró, inú oṣù mẹ́rin yẹn sì ni ìyàwó wọn wà ní ọsibítù. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ìwé ìlànà tí à ń wí yìí kì í ṣe ìwé tí ẹnì kan jókòó kọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tẹ̀, tó sì parí. Ẹ̀yin mẹkáníìkì mọ ohun tí à ń sọ. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun ń sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ ti pààrọ̀ ẹńjìnnì, ẹ ti gbé gíá ọkọ̀ mìíràn sí i. Ọmọ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé ìwé yẹn yóò de nọ́ọ̀tì sí ibi tí kò sí ihò. Bí ètò bá ti ń yí, ìwé gbọ́dọ̀ máa yí pẹ̀lú rẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan kò sì lè kọ ọ́ tán. Ẹni tó ṣe ètò náà kò mọ ibi tí akọ̀wé ti ń kọsẹ̀. Akọ̀wé kò mọ ohun tó wà nínú ikùn ètò. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan ló bi wá lọ́jọ́sí pé: bí òun bá wọlé iṣẹ́ ní aago 10 alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Iléyá, tí òun sì jáde ní aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, wákàtí mélòó ni kọ̀ǹpútà yóò kà sí ti ìsinmi? Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó rò ó rí. Ọmọ Kánádà náà kò rò ó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, nítorí náà ibi tí a ó máa kọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ọwọ́ púpọ̀ lè dé.

Wiki ni a kọ́kọ́ gbìyànjú. Ọ̀gbẹ́ni Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà, ló gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1995: ojú ìwé tí ẹni tó ń kà á lè tún kọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ yóò fẹ́ràn ibi tí orúkọ náà ti wá, nítorí ara bọ́ọ̀sì ló ti wá. Ní pápákọ̀ òfuurufú Honolulu ní Hawaii, bọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Wiki Wiki. Ní èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, wiki ni kíá. Kíákíá! Àwọn àgbà inú wa tó wọ bọ́ọ̀sì kíákíá láyé ijọ́un yóò rí i pé àwa nìkan kọ́ la mọ ọkọ̀ í sọ lórúkọ. Wikipedia tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001 gba ọ̀nà yìí, ó sì ní ti èdè Yorùbá pẹ̀lú. Ètò tí wọ́n ń lò, MediaWiki, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè mú un.

A mú un, a gbé e sórí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá fún ènìyàn ní ọkọ̀ ni: epo ń bẹ, táyà ń bẹ, ẹni tí yóò máa tún un ṣe ń bẹ. Bí iná bá lọ, ìwé lọ. Èyí tó wá bà wá lójú jẹ́ ni pé a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè kọ, àwọn àlejò tí a kò mọ̀ sì wọlé. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ojú ìwé tó yẹ kó sọ bí a ṣe ń ka iṣẹ́ òru ti kún fún ìpolówó tẹ́tẹ́ àti oògùn agbára ọkùnrin. Ìyá wa kan láti ẹ̀ka ìdìpọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì bi wá bóyá ìyẹn náà wà lára owó ìfẹ̀yìntì.

Irú rẹ̀ ti yọ àwọn tó jù wá lọ lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ Mozilla ní ìwé ìlànà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní MDN, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé ti ń kọ́ iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, wiki ló sì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ ń wọlé lẹ́sẹ̀ kan náà, àwọn alábòójútó á wá máa sáré tẹ̀ lé e láti gbá ìdọ̀tí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n kó o lọ sórí GitHub, níbi tí àtúnṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò. A fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí tó kù nínú ìtàn náà, nítorí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 kan náà, Mozilla dá òṣìṣẹ́ bíi 250 dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan tó ń kọ ìwé náà sì wà lára wọn. Ìwé náà ì bá ti kú. Kò kú, nítorí ó ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ní ọdún 2021 wọ́n dá àjọ Open Web Docs sílẹ̀ láti máa san owó fún àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀.

Google Docs ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́wàá lè jọ máa kọ sójú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń tọ́jú ẹni tó kọ ohun tó kọ àti ìgbà tó kọ ọ́. Ẹni tó bá lè fi fóònù kọ lẹ́tà lè lò ó. A fẹ́ràn rẹ̀, a kò ní purọ́. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé abẹ́ orúkọ ẹnì kan ni ìwé máa ń wà. Bí ẹni náà bá lọ, tàbí tó kú, tàbí tó bá ẹgbẹ́ jà, a tún padà sí Kánádà nìyẹn. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Google sì ti lè pa àkáǹtì tí ẹnì kan kò bá lò fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé náà jìnnà sí ètò. Ẹni tó tún ètò ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ní rántí pé ìwé kan wà níbòmíràn tó yẹ kí òun tún ṣe.

Ti WhatsApp, a ti sọ ọ́ ná. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń ṣàn lọ bí omi gọ́tà; ohun tí a sọ lóṣù tó kọjá, ẹni tó bá ń wá a yóò kọ́kọ́ ka ìkíni ọjọ́ ìbí 40.

Kí a tó dé orí GitHub, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Ta ló ni ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí? Google fúnra wọn ní ibì kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Google Code, tí àwọn ènìyàn ń kó ètò wọn àti ìwé ìlànà rẹ̀ sí láti ọdún 2006. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015 wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ tì í, ní oṣù Kìíní ọdún 2016 wọ́n tì í. Stack Overflow, níbi tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè, pe gbogbo ènìyàn ní ọdún 2016 kí wọ́n wá jọ kọ ìwé ìlànà sọ́dọ̀ àwọn. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017 wọ́n ní ó tó. Ohun tó kó wọn yọ ni pé ohun tí wọ́n kọ wà lábẹ́ ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kó o lọ, bí àwọn mìíràn ṣe kó o nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ìwé. Bí kò bá sí ìwé àṣẹ yẹn, làálàá wọn ti wọgbó.

GitHub ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008. Microsoft rà á ní ọdún 2018 ní dọ́là bílíọ̀nù 7.5. Ní oṣù Keje ọdún 2019, àwọn oníṣẹ́ ní Iran, Syria àti Crimea rí i pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ apá kan iṣẹ́ àwọn níbẹ̀, nítorí òfin ìjẹnìyà ìjọba Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021 ni GitHub tó rí àṣẹ gbà láti ṣí i padà fún àwọn ará Iran. Àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́kàn yín.

Ṣùgbọ́n GitHub yàtọ̀ sí Git, ibẹ̀ ni a ti rí ìfọ̀kànbalẹ̀. Git ni ọkọ̀, GitHub ni gáréèjì. Ẹ gbọ́ bí Git ṣe dáyé. Àwọn tó ń kọ Linux, èyí tó wà ní ìdí gbogbo fóònù Android tó wà lápò yín, ń lo irinṣẹ́ kan láti ọdún 2002 tó ń jẹ́ BitKeeper láti fi tọ́jú iṣẹ́ wọn. Ilé iṣẹ́ kan ló ni ín, ó sì gbà kí wọ́n máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan nínú wọn kìlọ̀, wọ́n ní irinṣẹ́ tí olówó rẹ̀ lè gbà padà nígbàkígbà kò ṣeé gbára lé. Wọn kò gbọ́. Ní ọdún 2005, aáwọ̀ dé, olówó irinṣẹ́ gba irinṣẹ́ rẹ̀. Linus Torvalds tó jẹ́ olórí wọn jókòó ní oṣù Kẹrin ọdún náà, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo Git tí òun fúnra rẹ̀ rọ.

Bí Git ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹni tó bá gba ẹ̀dà, gbogbo rẹ̀ ló gbà, pẹ̀lú ìtàn gbogbo àtúnṣe láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí wọ́n bá ti gáréèjì pa lọ́la, ọkọ̀ wà ní àgbàlá ẹni márùn-ún nínú wa, a ó sì wà á lọ sí gáréèjì mìíràn bíi GitLab tàbí Codeberg. Ètò àti ìwé wà nínú àpò kan náà. Ẹni tó bá tún ètò ṣe tí kò fọwọ́ kan ìwé, ojú yóò rí i. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ọ̀rọ̀ lásán ni, pẹ̀lú àmì díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Markdown, èyí tí John Gruber gbé jáde ní ọdún 2004. Àwa tí a ka ìwé mẹ́fà tí a fi ẹ̀kọ́ alẹ́ kún un, ọ̀sán kan la fi kọ́ ọ.

A kò gbà lójú kan náà nínú ìgbìmọ̀. Ìyá wa láti ẹ̀ka ìdìpọ̀ ta kò wá gidigidi. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ yẹn, èdè òyìnbó ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin ni ẹ ó wọlé. Àwa tó kù á wà níta, lọ́jọ́ tí ẹ bá rìn, a tún padà sí ẹsẹ àárọ̀." A ní, "Ìyá, ẹ máà bínú." Wọ́n ní àwọn kò bínú, àwọn ń sọ òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì ni. A lọ sùn lé e, nígbà tí a padà dé, àbá wa ti yí.

Ohun tí a wá gbé síwájú yín ni pé kí ìwé gangan wà nínú Git, ní orí GitHub, lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí kò sí ní ẹ̀ka iṣẹ́ kan náà. Ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ wọ ibẹ̀ lè kọ ọ́ sínú Google Docs, tàbí sínú ìwé eléwé 40, tàbí kó sọ ọ́ lẹ́nu. Akọ̀wé méjì tí ẹ ó yàn yóò máa kó o wọlé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ni yóò fọwọ́ sí i. Ojú kejì gbọ́dọ̀ rí i. Ìyá wa ti gbà láti jẹ́ ojú kejì, wọ́n ní ohun tó bá yé àwọn yóò yé gbogbo ayé. Kí ìwé àṣẹ wà lórí rẹ̀ pé ẹgbẹ́ mìíràn lè kó o lò. Yorùbá ni a ó fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì orí ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá kọ "ojo" lásán sínú ìwé iṣẹ́, a kò mọ̀ bóyá ọjọ́ ló ń wí tàbí òjò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí a tẹ̀ ẹ́ sí bébà, kí a so ó mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà. Iná wa ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, iye owó oṣù rẹ̀, nọ́ńbà báńkì rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé náà láé. Nígbà tí à ń gbìyànjú wiki, ẹnì kan ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà láti fi ṣàlàyé, owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́ méje sì hàn kedere nínú fọ́tò náà. A tètè yọ ọ́. Nínú Git, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, yíyọ kò rọrùn, nítorí ìtàn àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹni tó ti gba ẹ̀dà. Ohun tó jẹ́ agbára rẹ̀ náà ni ewu rẹ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí kò sí láyé la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ, a ti sọ ọ́ ní Lágbájá, owó oṣù rẹ̀ sì dára ju tiwa lọ.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni ẹ ó dìbò lé e. Ẹni tó bá ní àbá mìíràn, kó gbé e wá, a kò fi ti wa lé orí irin. Ṣùgbọ́n ojú ìwé àkọ́kọ́ kò ní dúró de ìbò. Àpótí ọjọ́ ìsinmi ni yóò wà níbẹ̀, àti ìbéèrè kọ̀ńdọ́kítọ̀ wa lórí iṣẹ́ òru. Bàbá wa tó fẹ̀yìn tì ti gbà láti mú ìwé kékeré wọn wá, kí wọ́n fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ tí kò fi sí ìkankan tó sọnù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, kó mú un dání. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni, ní Ọjọ́bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́.